Nígbà Tí Ara Olúwa Há Mi Lọ́fun

Bí oúnjẹ bá ti ń há yín lọ́fun, tí ẹ sì ń fi omi tì í lọ sísàlẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin gan-an ni mò ń kọ èyí sí. Èmi kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe àlùfáà. Káfíńtà ni mí ní Ẹdẹ níbí, ọ̀nà Sẹ́kọ́nà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹ̀rù tó bà mí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ṣáájú àìsàn náà.

Ó ti ń ṣe mí díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Òkèlè èbà á dúró ní àárín àyà mi bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tí kò rí ẹni ṣí i fún un. Mo máa ń dìde nídìí oúnjẹ, kí n na ẹ̀yìn, kí n gbé omi mu, òkèlè náà á sì já lọ sísàlẹ̀. Mo rò pé ìkánjú ni. Ìyá Tósìn, ìyàwó mi, tó ń rán aṣọ ilé ìwé ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ tèmi, a máa sọ pé, “Bàbá Tósìn, ẹ rọra jẹun, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín.” Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín náà tán ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nínú ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi. Ọjọ́ Ìdàpọ̀ Mímọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó mi níwájú pẹpẹ. Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, fi àkàrà Ìdàpọ̀ lé mi lọ́wọ́, èyí tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, tó máa ń yọ́ lórí ahọ́n fúnra rẹ̀. Mo fi sẹ́nu, mo gbé e mì. Ó dé àárín àyà mi, ó dúró. Mo mu wáìnì tẹ̀ lé e, wáìnì náà dúró lé e lórí. Kí n tó dìde lórí eékún, gbogbo rẹ̀ ti ń padà bọ̀ lọ́nà ọ̀fun.

Mo fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Lẹ́yìn ilé ìjọsìn, nídìí igi máńgòrò, mo bì í. Àkàrà náà wà nílẹ̀ níwájú mi, wáìnì ti pa á láró. Ara Olúwa ni, nínú iyẹ̀pẹ̀. Mi ò lè fi í sílẹ̀ kí adìẹ wá ṣà á jẹ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́ ilẹ̀, mo sin ín. Mo ti sin bàbá mi, mo ti sin ìyá mi, ẹ̀rù ò bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n: pé ẹni tó bá jẹ tó sì mu láìyẹ, ìdájọ́ ara rẹ̀ ló jẹ tó sì mu, àti pé ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣàìsàn, tí àwọn mìíràn sì ti kú. Mo ní Ọlọ́run ti kọ ẹnu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ayé mi wò bí ẹni tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ta ni mo ṣẹ̀? Ta ni mo rẹ́ jẹ? Mi ò rí ohun tó tóbi tó báyìí, èyí tí mi ò sì rí ló wá ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ọjọ́ Ìdàpọ̀ bá tún dé, n ó jókòó sórí àga mi, n ó ní inú ń run mí.

Ẹ gbọ́ o. Àsìkò tó yẹ kí n fi wá dókítà, ẹ̀ṣẹ̀ ni mo fi ń wá.

Àìsàn náà kò dúró dè mí. Mi ò lè jẹ èbà mọ́, lẹ́yìn náà ìrẹsì, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ. Ó di pé bí mo bá mu omi gan-an, á padà wá. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ohun tí mo jẹ lọ́sàn-án á gba imú mi jáde, n ó máa wúkọ́ bí ajá. Ìyàwó mi dín ṣòkòtò mi kù, kò pẹ́ tó tún fi dín wọn kù. Mo lọ ra oògùn ọgbẹ́ inú fúnra mi lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn. Mo lò ó tán, mo tún rà á. Ibi tí mò ń tọ́jú kọ́ ni ó ń ṣe mí.

Ìyá ìyàwó mi gbọ́, wọ́n wá láti ìlú Ará. Wọ́n wo ọ̀fun mi, wọ́n mi orí.

“Bàbá Tósìn, eegun ẹja nìyí. Ó ti há síbẹ̀ jinlẹ̀.”

Wọ́n tẹ èbà tó le bí amọ̀, wọ́n ní kí n gbé òkèlè ńlá mì láì jẹ ẹ́ lẹ́nu, kí ó lè ti eegun náà lọ. Nítorí ọ̀wọ̀ wọn, mo gbé e mì. Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní gbàgbé. Ó dúró gbagidi. Èémí mi ń gé, omi ń dà lójú mi, ìyá àgbà ń gbá mi lẹ́yìn, àwọn náà ń sunkún, ìyàwó mi ń pe Jésù. Nígbà tó padà jáde, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ bá ń há lọ́fun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òkèlè ti òkèlè fún un. Mo bẹ̀ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Alhaji Lásísì ni orúkọ wọn, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí wa sí ní Ẹdẹ níbí. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wa, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ ni mo ti gba Kristi. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú ẹ̀sìn bàbá wa. A ò jà rí nítorí rẹ̀. Bí Ìléyá bá dé, ẹran wọn á dé ilé mi. Bí Kérésì bá dé, ìrẹsì mi á dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lọ́jọ́ náà, àgbò kan ni wọ́n fi okùn fà wọlé.

“Jákọ́ọ̀bù, mo fẹ́ fi eléyìí ṣe sàráà fún ọ. Àwọn Ààfáà á ṣàdúà, àwọn ọmọ àdúgbò á jẹ ẹran. Ọlọ́run á gbà á dípò rẹ.”

“Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹbọ tèmi ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti rú u tán.”

“Èmi ò bá ọ jiyàn ẹ̀sìn. Ṣé kò sí Ábúráhámù àti àgbò nínú ìwé tiyín ni?”

“Ó wà níbẹ̀, sà.”

“Ṣé ẹ kì í jẹ ẹran ni?”

“À ń jẹ ẹ́.”

“Kí ló wá dé? Wo ara rẹ, Jákọ́ọ̀bù! Ọrùn rẹ ti dà bí ọrùn lékeléke. Ṣé ó yẹ kí n máa wò ọ́ báyìí?” Ohùn wọn gbọ̀n. Mi ò gbọ́ kí ohùn ẹ̀gbọ́n mi gbọ̀n rí.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti ń ṣiyèméjì bóyá ẹbọ tí mo ní wọ́n ti rú tán yẹn kàn mí. Bó bá kàn mí, kí ló dé tí kò fi gbà láti wọ inú mi? Ẹ̀gbọ́n mi so àgbò náà mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé mi, wọ́n ní àwọn fún mi láyè kí n rò ó. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wo ẹran náà. Ó ń jẹ ewé, ó ń jẹ èèpo iṣu, ó ń gbé gbogbo rẹ̀ mì láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo jowú ẹran.

Inú ìjàyà yẹn ni mo ti wá pinnu nǹkan tí mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mo ní bí Ọlọ́run bá ń fẹ́ ẹbọ lọ́wọ́ mi, èmi fúnra mi ni n ó fi rú u. Mo gbààwẹ̀ gbígbẹ. Ògì díẹ̀ tó ń wọ inú mi pàápàá, mo kọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó lè fura, torí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé mi ò lè jẹun. Mò ń fá pákó ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ilẹ̀ gbéra, tó kọjú sí mi. Ìgbà tí mo lajú, eérún igi wà ní ẹnu mi, ìyàwó mi gbé orí mi lé itan, ó ń pariwo.

Fíkà wa wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ju àwọn náà lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ àlùfáà mi ni wọ́n. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

“Bàbá Tósìn, kí ló dé tí ẹ kì í wá sí ibi Ìdàpọ̀ mọ́?”

Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀rọ̀ igi máńgòrò, àkàrà tí mo sin, ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù, àgbò tí ẹ̀gbọ́n mi mú wá, àwẹ̀ tí mo gbà. Ìyàwó mi bú sẹ́kún, torí kò gbọ́ ọ rí. Mo rò pé Fíkà á bínú.

“Ẹ sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,” ni wọ́n sọ. “Ẹ ò ṣe nǹkan kan tó burú níbẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wá ńkọ́, sà?”

“Ṣé ẹ ti kà á láti òkè wá? Àwọn tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí ni àwọn tó ní, tí wọ́n ń jẹ àjẹyó kí àwọn aláìní tó dé, tí ebi ń pa ẹnìkejì wọn lójú wọn, tí wọ́n sì ń pè é ní oúnjẹ Olúwa. Kò bá ẹni tí ebi ń pa wí. Ẹ̀yin lebi ń pa, Bàbá Tósìn, ẹ wá lọ jókòó sórí àga ẹni tí wọ́n ń bá wí.”

Lẹ́yìn náà mo béèrè ohun tó ń jẹ mí lẹ́mìí gan-an. “Kí ni Ọlọ́run wá fẹ́ kí n fún òun?”

“Lórí òkè tó ti fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ rúbọ, Ábúráhámù kò mú àgbò dání láti ilé. Ọlọ́run ló pèsè rẹ̀. Ẹbọ tí a gbà gbọ́ nìyẹn: a ti fún wa kí a tó béèrè. Ẹnikẹ́ni kò lè fi egungun ara rẹ̀ san án. Ohun tó kù fún wa ni ká gbà á, ká pín in jẹ, ká má jẹ́ kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn.” Wọ́n yíjú sí ìyàwó mi. “Ìyá Tósìn, kí ni dókítà sọ?”

“Wọn ò tíì lọ rí dókítà, sà.”

Fíkà dìde. “Ọ̀la la ó lọ.”

Ì bá wù mí kí n sọ pé ẹ̀rù tán lára mi lọ́jọ́ náà. Kò tán o. Ó kàn yí ojú síbòmíràn ni. Kí n tó sùn, ọ̀rọ̀ kan ti gba gbogbo ọkàn mi: jẹjẹrẹ.

Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n darí wa sí láti ilé ìwòsàn kékeré tí a kọ́kọ́ lọ, ẹni tó bá fẹ́ tètè rí dókítà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Síbẹ̀, a bá àwọn ènìyàn lórí bẹ́ńṣì. A gba káàdì, a tò, a jókòó, wọ́n pe orúkọ, kì í ṣe tèmi. Ìyàwó mi gbé ike kan dání tí mò ń tu itọ́ sí, torí itọ́ ara mi kò lọ sísàlẹ̀ mọ́. Ojú ń tì mí. Dókítà tó rí wa, obìnrin tó kéré sí mi gan-an, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n mu omi níwájú òun, ó sì wò mí títí omi náà fi padà wá. Ìyẹn náà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnìkan gbà mí gbọ́.

Wọ́n fún mi ní nǹkan funfun kan mu, ó dà bí ẹfun tí wọ́n pò mọ́ omi, wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú àyà mi. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí sí mi lọ́fun, wọ́n já ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní kí a lọ dúró de èsì.

Ìdúró yẹn ló burú jù. Mi ò fẹ́ kí ọjọ́ èsì dé, mi ò sì fẹ́ kí ó pẹ́. Mo ń wo Ìyá Tósìn, mò ń rò ó pé ta ni yóò máa bá a ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan lákòókò yẹn. Ìyàwó mi kì í jẹun mọ́. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ìró ṣíbí lẹ́yìn ilé, mo rọra lọ wò ó. Ó jókòó sórí odó, ó dojú kọ ògiri, ó ń sáré jẹ ìrẹsì tútù bí ẹni tó jí i.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀, Ìyá Tósìn?”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da abọ́ náà nù. “Mi ò lè máa jẹ ẹ́ lójú yín. Ó dà bíi pé mò ń fi yín ṣẹ̀sín.”

“Gbé e wọlé. Jókòó tì mí, kí o jẹ ẹ́.”

Ó wọlé, ó ń jẹ, omijé ń já bọ́ sínú ìrẹsì. Mo di ife omi mi mú, mo ń fi ètè kàn án. Mo súre sórí oúnjẹ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a ò jẹun lọ́tọ̀ mọ́. Ebi ń pa mí, àmọ́ mo wà nídìí oúnjẹ. Ìgbà yẹn ni ohun tí Fíkà sọ, pé ká má jẹ́ kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn, yé mi.

Èsì dé. Dókítà kọ́kọ́ ní, “Bàbá, kì í ṣe jẹjẹrẹ.” Ìyàwó mi wólẹ̀ sórí ilẹ̀ ọ́fíìsì náà. Dókítà ṣàlàyé pé ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ fi ń wọ inú ikùn ló tì pa, pé ẹran ara tó yẹ kó máa ṣí ti gbàgbé bí a ti ń ṣí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ń fà á dájú, ó ní, kì í ṣe ohun tí mo jẹ, kì í sì í ṣe ohun tí mo ṣe. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ là mí kí wọ́n tó lè ṣí i. Mo béèrè bóyá ènìyàn lè kú sídìí rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni, òun ò ní purọ́ fún mi.

Owó rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a ní lọ. Mo ta pákó tí mo kó pamọ́, ìjọ dá owó, kò tíì tó. Ẹ̀gbọ́n mi wá sílé, wọ́n tú àgbò náà lókùn, wọ́n fà á lọ sọ́jà. Wọ́n kó owó rẹ̀ wá fún ìyàwó mi. Nígbà tí ilé ìwòsàn tún ní a gbọ́dọ̀ wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwọn náà ló na apá. Ẹni tí abẹ́rẹ́ ń bà lẹ́rù láti kékeré ni o! Wọ́n wọlé tọ̀ mí wá nínú wọ́ọ̀dù, òwú wà lára apá wọn.

“Jákọ́ọ̀bù, àgbò ni mo fẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èmi ni wọ́n wá mú.”

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Fíkà wá fún mi ní Ìdàpọ̀ kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo sọ fún wọn pé kò ní wọlé, pé n ó tún bì í. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Wọ́n já àkàrà náà sí eérún kan ṣoṣo, wọ́n fi sínú wáìnì lórí ṣíbí títí ó fi yọ́, wọ́n fi kàn mí láhọ́n. Ìyàwó mi gba tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, wọ́n ń wò wá. Mo gbé e mì. Ó dúró sí àárín àyà mi, ibi tó máa ń dúró sí gan-an. Gbogbo wa ń dúró dè é. Mo wo ojú Fíkà, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n náà.

“Ṣé ó ti lọ sísàlẹ̀?” Ẹ̀gbọ́n mi ló béèrè láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Mo dúró díẹ̀ sí i. “Ó ti lọ sísàlẹ̀.”

“Alihamudulilahi,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì fi agbádá nu ojú.

Wọ́n là mí. Mo jí. Ìrora wà, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà kí n mu omi, omi náà lọ tààrà, mo sì ń dúró kí ó padà títí ojú fi ń ti ìyàwó mi níwájú nọ́ọ̀sì.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń jẹun, pẹ̀lú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò lè sùn pẹrẹsẹ, ìrọ̀rí gíga ni mò ń fi orí lé. Àyà máa ń ta mí bí mo bá jẹ ata. Dókítà ní ẹnu ọ̀nà náà lè tún fún lọ́jọ́ kan, nítorí náà mo ń padà lọ fún àyẹ̀wò. Bí òkèlè kan bá falẹ̀ díẹ̀ lọ́nà, ara mi á tutù, Ìyá Tósìn á gbé ṣíbí tirẹ̀ sílẹ̀, á máa wò mí. Inú ìbẹ̀rù yẹn la ń gbé, a ò sì fi í pamọ́ fún ara wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Fíkà ní kí n bá àwọn dé Sẹ́kọ́nà, pé opó kan wà níbẹ̀ tí oúnjẹ kì í wọnú rẹ̀, tí kò sì jáde nílé mọ́. Èmi àti ìyàwó mi lọ. Obìnrin náà ti rù. A bu ẹ̀kọ gbígbóná, gbogbo wa jọ ń mu ún. Tirẹ̀ padà wá. Ó yíjú kúrò, ó fi aṣọ bo ojú, ó ní ká má bínú. Mo bá a di abọ́ náà mú.

“Ṣé wọ́n máa là mí?” ló bi mí.

“Ó ṣeé ṣe, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò.”

“Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́?”

Mo fẹ́ sọ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ọ́, torí mi ò mọ̀. Mo ní, “Bó ti wù kó jẹ́, àwa la jọ máa gbọ́ ọ.”

Ó dìde, ó di ògiri mú, ó wọ yàrá lọ wá bàtà rẹ̀.